Òpó àti Opó

Lẹ́yìn abúlé Ak-Moyun, ní ilẹ̀ Kirigísítánì,
lórí òkè tí yìnyín ò ti í tán,
níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbó bí ajá tí ebi ń pa,
òpó irin kan dá dúró, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, olójú márùn-ún.
Ojú kan ń wo òtútù, èkejì ń wo ìjì,
ẹ̀kẹta ń wọn bí yìnyín ṣe ń fò ṣánlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
Ìyókù, Sabira nìkan ló mọ iṣẹ́ wọn.

Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni òpó yìí ń kọ nǹkan
sínú káàdì tí kò tó èékánná àtàńpàkò.
Tó bá di òru, á gbójú sókè,
á wá sátẹ́láìtì tó ń kọjá lọ,
á máa ju ọ̀rọ̀ sí i bí ọmọdé ti í ju òkò sí máńgòrò.
Èyí tó bá bà, ó dé ọ́fíìsì ní Bishkek.
Èyí tó bá tàsé, ó wà nínú káàdì, ó ń sùn.

Sabira kì í gbẹ́kẹ̀ lé ojú ọ̀run.
"Ohun tí o ní ní ẹ̀dà kan," ló máa ń wí,
"o ò tíì ní in.
Tó bá di mẹ́ta, kí o tó lọ sùn."

Nínú oṣù Kejì, òpó dákẹ́.
Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ já sí méjì,
bí afárá tí omi gbé àárín rẹ̀ lọ.
Ọjọ́ mọ́kànlá.
Ọ̀gá ní, "Fa ìlà láti etí ìhín dé etí ọ̀hún.
Ta ni yóò mọ̀?"
Sabira ní, "Odò á mọ̀."

Ó dúró di oṣù Karùn-ún kí ọ̀nà tó là.
Ẹṣin Kubanych ló yá,
ẹṣin tó mọ ibi tí yìnyín ti ṣófo nínú.
Ó fi aṣọ irun àgùntàn wé kọ̀ǹpútà bí ọmọ tuntun,
ó ki bátìrì bọ àyà
kí òtútù má baà fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu.
Ó débẹ̀, ó ki wáyà bọ àpótí, ó dúró, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sọ́wọ́.
Ọjọ́ kẹrin oṣù, aago mẹ́ta òru kọjá ogún ìṣẹ́jú.
Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún.
Kì í ṣe pé òpó sọ̀rọ̀ tí a ò gbọ́:
kò sọ ọ́ rárá.

Ìgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló yà mu tíì nílé Anarkul,
opó ẹni tó ń ka òtútù fún ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì.
Ìjọba ti kú, ọkọ ti kú, owó oṣù ti kú.
Màmá fọwọ́ gbọ́n ìyẹ̀fun kúrò lára ìwé kan,
ó yọ ọ́ jáde látinú àpótí oúnjẹ.
Pẹ́ńsùlù ni, nítorí yíǹkì a máa dì.
*Ọjọ́ karùn-ún, àárọ̀: mọ́kànlélọ́gbọ̀n lábẹ́ òdo. Màlúù bí, akọ.*
*Ọjọ́ kẹsàn-án: ìjì gbé òrùlé ilé àgùntàn.*
*Ọjọ́ kọkànlá: ara mi ò yá. Ọmọ aládùúgbò ló kà á, ẹ má gbà á gbọ́ tán.*

"Màmá, ta ló ní kí ẹ ṣì máa kọ ọ́?"
"Ta ló ní kí n dáwọ́ dúró?"

Òpó dákẹ́ lókè; opó ò dákẹ́ nísàlẹ̀.

Sabira ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sínú fóònù,
ó dà á sínú kọ̀ǹpútà,
ó dá ìwé padà sínú ìyẹ̀fun. Ó di mẹ́ta.
Òtútù àfonífojì kì í ṣe ti orí òkè,
ó mọ̀; ó wọn ìyàtọ̀ wọn, ó yọ ọ́,
ó fi àwọ̀ mìíràn kun ọjọ́ mọ́kànlá náà
kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní ohun tí kì í ṣe.
Níbi tí a ti ń kọ orúkọ ẹ̀rọ, ó kọ *Anarkul*.

Ọ̀gá béèrè ohun tí màlúù ń wá láàárín nọ́ńbà.
Sabira ò dáhùn. Ó fi í síbẹ̀.